Báwo ni píkọ́ọ̀pù àtijọ́ yín ṣe wúwo tó? Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n

Ẹ dé Àràrómi l'Ágódi Gate, ẹ bi àwọn mẹkáníìkì tó jókòó síbẹ̀ pé báwo ni píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 ṣe wúwo tó. Ọ̀kan á ní tọ́ọ̀nù kan lé díẹ̀, èkejì á ní irọ́ ni, ó lé ní tọ́ọ̀nù méjì, bàbá tó jókòó sórí táyà á ní ẹ fi àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀ jàre, ọkọ̀ tọ́ọ̀nù kan ni, bí wọ́n ṣe ń pè é látilẹ̀ wá nìyẹn. Ẹ lè rò pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò mọ nǹkan kan, àmọ́ kò sẹ́ni tó parọ́ níbẹ̀ o. Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ ìwọ̀n ọkọ̀ lófìfo, ẹnì kejì ń sọ ìwọ̀n ọkọ̀ tòun ti ẹrù tó kún un dẹ́nu, bàbá ń sọ ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n ní kó máa gbé. Ìwọ̀n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọkọ̀ kan náà.

Ibẹ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú, torí náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà kiri, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Ká ní ẹ fẹ́ kí tówìn wá gbé ọkọ̀ tó ti ń gbélé láti ayébáyé, tàbí ẹ fẹ́ ra jáàkì, tàbí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi ṣéènì fa iwájú ẹ̀ sókè kí wẹ́dà lè rí ìdí ṣáásì dáadáa, ìwọ̀n òfìfo lẹ nílò, ìyẹn bí ọkọ̀ ṣe wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, pẹ̀lú omi, epo, táyà àpọ̀jù àti gbogbo yẹ̀yẹ́ tó wà nínú ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa fi kó pákó láti Bódìjà, tàbí ẹ ń wò ó bóyá sìlábù tí wọ́n dà sórí gọ́tà iwájú ilé yín lè gbà á nígbà tó bá kún, ìwọ̀n òfìfo nìkan ò lè tó, ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó kún àti iye tó ń bọ́ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Àwọn tó fẹ́ tà á fún àwọn onípàǹtí irin, àwọn onípàǹtí fúnra wọn ló máa wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ iye tó yẹ kó jẹ́ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, mi ò ní ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ "tọ́ọ̀nù" tí wọ́n ń fi pe ọkọ̀ yìí náà ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe Ford F-100 àti Chevrolet C10 ní ọkọ̀ ìlàjì tọ́ọ̀nù, wọ́n ń pe F-250 àti C20 ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tọ́ọ̀nù, F-350 àti C30 ní tọ́ọ̀nù kan. Ẹrù tí wọ́n ṣírò pé ó lè gbé láyé ọjọ́un ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ìwọ̀n ọkọ̀ rárá. Kò sí F-100 kankan tó wúwo ìlàjì tọ́ọ̀nù, ọkọ̀ yẹn lófìfo á tó 1,400 kílò, ó sì lè gun òkè dé bíi 1,800 bó bá ṣe jẹ́ irú ínjìnì àti bí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe gùn tó. Tọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà gan-an kéré sí tiwa, 907 kílò ni, èyí táwa ń lò ni 1,000 kílò, ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sì jẹ́ 1,016. Ẹ wò ó, tọ́ọ̀nù mẹ́ta, ìwọ̀n mẹ́ta.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí tẹ́ ẹ ń wá, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lára ọkọ̀ Yúróòpù, bíi àwọn Peugeot yìí, péréètì pẹlẹbẹ kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n kan mọ́ irin, ẹ fi tínà àti àkísà nù ún torí eruku àti ọ̀rá á ti bò ó, ẹ má fi irin họ ọ́ o, nọ́ńbà á pa rẹ́. Ìlà mẹ́rin tó jẹ́ kílò ni wọ́n sábà máa ń kọ tẹ̀lé ara wọn: àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n tí ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá tó bá kún, èkejì ni ti ọkọ̀ pẹ̀lú tìrélà tó bá ń fà, ẹ̀kẹta ni ohun tí ẹsẹ̀ iwájú lè gbà, ẹ̀kẹrin ni ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìwọ̀n òfìfo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà ńlá àkọ́kọ́ yẹn tó wá lọ sọ fún oní-tówìn pé bí ọkọ̀ òun ṣe wúwo nìyẹn, á sanwó ọkọ̀ tó kún fún ọkọ̀ tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn. Lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, láti bíi àwọn ọdún 1970 lọ sókè, ẹ wo òpó ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ìwé tàbí péréètì tó wà níbẹ̀ á sọ ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ní páùn. Páùn kan jẹ́ 0.4536 kílò, tẹ́ ẹ bá wà lójú títì tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é kíákíá, ẹ pín in sí méjì kẹ́ ẹ tún yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò, ó ti súnmọ́ ọn nìyẹn.

Nígbà míì ẹ lè fi péréètì yẹn ṣírò òfìfo. Tẹ́ ẹ bá mọ iye ẹrù tí ilé iṣẹ́ ní kó gbé, ẹ yọ ọ́ nínú ìwọ̀n tó kún, ohun tó bá kù ni ìwọ̀n òfìfo pẹ̀lú dírẹ́bà tàbí láìsí dírẹ́bà, ìwé ló máa sọ. Ká ní péréètì sọ 2,300, ìwé ní kó máa gbé 1,100, ó ku 1,200. Ó dáa fún ìṣirò orí ìdúró, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi mọ bẹ́ẹ̀.

Ìwé ló kàn. Ìwé tí wọ́n ń fún ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun, tàbí ìwé àtúnṣe tí mẹkáníìkì fi ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀n máa ń wà ní ẹ̀yìn ẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kọ gígùn, fífẹ̀ àti iye epo tí táńkì ń gbà sí. Tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò ìwé yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó dáadáa bóyá irú ọkọ̀ yín gan-an ni, torí orúkọ kan náà lè jẹ́ ọkọ̀ mẹ́rin. Píkọ́ọ̀pù 404 jáde ní 1967, 504 tó jẹ́ kàà jáde ní 1968, ti píkọ́ọ̀pù ò dé títí di 1979, ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná sì ti ń to ọkọ̀ pọ̀ láti 1975, nínú gbogbo wọn, oní-dísù máa ń wúwo ju oní-pẹtiróòlù lọ torí ínjìnì ẹ̀ le koko. Hilux bẹ̀rẹ̀ ní 1968, ìran àkọ́kọ́ yẹn kò wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lé díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láti 1979 wọ́n ti ní èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ ń fà, ìyẹn ti lé sí i nìyẹn. Datsun 620 tó jáde ní 1972 ní ẹ̀yìn kúkúrú, ó ní gígùn. Land Rover àtijọ́ tó ní 88 ìǹṣì láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn wà ní bíi 1,300 kílò, èyí tó ní 109 ìǹṣì á lé ní 1,500, àwa ará Ìbàdàn sì yẹ ká mọ̀ wọ́n dáadáa torí ibí ni Leyland ti ń to Land Rover pọ̀ nígbà náà.

Àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ wọ̀nyẹn tún ní wàhálà tiwọn, wọn ò kọ kílò, wọ́n á kọ cwt àti qr. Kò le. Cwt kan jẹ́ 112 páùn, ìyẹn 50.8 kílò, bíi àpò sìmẹ́ńtì kan báyìí, qr kan sì jẹ́ ìdá mẹ́rin ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá rí 26 cwt 1 qr, ẹ mọ̀ pé àpò sìmẹ́ńtì 26 lé díẹ̀ ni ọkọ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ géérégé, 1,334 kílò. Kò sí bírìkìlà Ìbàdàn tí kò ní rí i lójú inú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ohun míì tó yẹ kẹ́ ẹ wò nínú ìwé ni bóyá wọ́n ka epo, omi àti òróró mọ́ ọn. Ìwé kan á sọ ìwọ̀n gbígbẹ, kò sí nǹkan olómi kankan ńbẹ̀, òmíì á ka táńkì tó kún, àwọn kan tún ń ka dírẹ́bà mọ́ ọn ní 75 kílò. Lítà epo pẹtiróòlù kan jẹ́ bíi 0.74 kílò, táńkì 50 lítà á fún yín ní 37 kílò, dísù wúwo díẹ̀ sí i, omi inú rédíétọ̀ lítà kan kílò kan. Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú dírẹ́bà, ìyàtọ̀ láàárín ìwé méjì tó ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan náà lè lé ní 100 kílò, kò sì sí èyí tó ṣì í níbẹ̀.

Ó dáa, ẹ ti rí nọ́ńbà ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní Ìbàdàn lo mọ̀, o ò mọ Láyípo. Ọkọ̀ tí ìwé ń sọ ni ọkọ̀ tó kúrò nílé iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe èyí tó ti gba ọwọ́ wẹ́dà àti pánẹ́ẹ̀lì bítà fún ogójì ọdún. Ẹ jáde síta kẹ́ ẹ wò ó. Wọ́n ti fi ewé sípíríìnì kún ẹ̀yìn ẹ̀ torí kó lè gbé iṣu, wọ́n ti fi irin nípọn ṣe bọ́ńpà iwájú, wọ́n ti jó irin mọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn nígbà tí tilé iṣẹ́ dípẹtà, wọ́n ti kan pákó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó lè gbé ẹrù ga, ínjìnì gan-an lè máà jẹ́ ti Peugeot mọ́, ẹ̀yin náà ẹ ti rí irú ẹ̀. Ẹ lè ṣírò púpọ̀ nínú àwọn yìí láìní ìwọ̀n lọ́wọ́. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn mìlímítà kan, tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, á wúwo 7.85 kílò. Odidi ṣíìtì irin ẹsẹ̀ mẹ́rin sí ẹsẹ̀ mẹ́jọ tó nípọn mìlímítà 2 á tó kílò 47, onímìlímítà 3 á tó 70. Bí wẹ́dà bá sọ fún yín pé ṣíìtì méjì onímìlímítà 3 lòun fi ṣe ilẹ̀ ẹ̀yìn yẹn, òun àti bọ́dì, 140 kílò ti gun orí ìwọ̀n ilé iṣẹ́ nìyẹn, ẹ ò tíì gbé ẹrù kankan. Páìwúùdù tí fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ tó nípọn mìlímítà 12 ò ju bíi 20 kílò lọ, èmi ò mọ ìdí tí wọn kì í fi lo ìyẹn fún ẹni tí kò gbé òkúta.

Ohun tí wọ́n yọ kúrò náà ń bẹ. Ọkọ̀ tí kò ní ínjìnì àti gíábọ́ọ̀sì mọ́ ti fúyẹ́ ní bíi 150 sí 200 kílò tó bá jẹ́ onísílíńdà mẹ́rin. Ẹ tún wo omi òjò o, ẹ̀yìn ọkọ̀ tó gùn ní mítà méjì, tó fẹ̀ ní mítà kan àbọ̀, bí omi tó wà nínú ẹ̀ ò bá ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, 30 kílò nìyẹn. Ewé jíjẹrà, ẹrẹ̀ tó dì mọ́ abẹ́ mọ́gádì, búlọ́ọ̀kù tí àwọn ọmọ jù sí ẹ̀yìn, ẹ kó gbogbo ẹ̀ dànù kẹ́ ẹ tó wọn nǹkan kan, àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n tòun tèérí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ nìyẹn: kò sí ìwé tó lè sọ ìwọ̀n ọkọ̀ yín, ìwé lè sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ gbé e gun wéébíríìjì, ìyẹn ìwọ̀n ńlá tí odidi ọkọ̀ ń gùn, kó parí.

Ní Ìbàdàn wéébíríìjì ò ṣọ̀wọ́n tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ń fi í wọn àgbàdo tó ń wọlé, àwọn tó ń fọ́ òkúta ń fi í wọn tírọ́ọ̀kì tó ń jáde, àwọn tó ń ra pàǹtí irin ló kúkú fi ń jẹun, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní ọ̀nà Olúyọ̀lé náà ń lò ó. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ tàbí tó ń fọ́ òkúta, torí àwọn yẹn ò ní èrè kankan nínú pé kí ìwọ̀n yín kéré. Ẹ lọ ní ọ̀sán tí ọkọ̀ ò pọ̀, kì í ṣe àárọ̀ tí tírọ́ọ̀kì tò sílẹ̀ bẹẹrẹ, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń gbà kẹ́ ẹ tó gun un. Ó máa ya ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì kékeré yẹn lẹ́nu, ẹ ti múra sílẹ̀ fún ìbéèrè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ wọn ọkọ̀ yìí lófìfo."

"Ẹ fẹ́ tà á fáwọn oní-pàǹtí?"

"Rárá o, mo kàn fẹ́ mọ ìwọ̀n ẹ̀ ni sà."

"Kẹ́ ẹ wá fi ṣe kí ni?"

Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ ra sípíríìnì. Ó máa ń tètè yé wọn.

Kẹ́ ẹ tó gun un, ẹ wo ojú ẹ̀rọ tó ń kọ nọ́ńbà, òdo ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá ń sọ 40 tàbí 60 nígbà tí kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n dá a padà sí òdo, òkúta àti ẹrẹ̀ tó há sí etí ìwọ̀n ló sábà máa ń fà á. Ẹ wakọ̀ gùn ún jẹ́jẹ́, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí irin pátápátá, kó má kan etí, ẹ pa ínjìnì, ẹ fi áńbíréèkì mú un, gbogbo èèyàn bọ́ sílẹ̀, tòun ti ọmọ tó jókòó sẹ́yìn. Wéébíríìjì ńlá tó ń wọn tírẹ́là máa ń fò ní 10 kílò tàbí 20 kílò, kì í ka ẹyọ kílò kọ̀ọ̀kan, nítorí náà tó bá sọ 1,240, ẹ mọ̀ pé ó lè jẹ́ 1,233 tàbí 1,247, ìyẹn ò ba nǹkan kan jẹ́ fún píkọ́ọ̀pù. Ẹ kọ ibi tí géèjì epo wà sílẹ̀. Tí wọ́n bá fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ gbà á, ẹ yẹ ọjọ́ àti nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n kọ sórí ẹ̀ wò, àwọn kan máa ń tẹ ti ọkọ̀ tó ṣáájú yín síbẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti wà lórí ẹ̀, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ láì wọn ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà gan-an. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú nìkan gun un, ẹ̀yìn wà nílẹ̀, ẹ kọ ọ́. Ẹ wọlé tán, ẹ kọ odindi. Ẹ wá jáde lápá kejì títí ẹ̀yìn nìkan fi kù lórí ẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà. Iwájú àti ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá pa wọ́n pọ̀ gbọ́dọ̀ súnmọ́ odindi, bí ìyàtọ̀ bá lọ sí 60 tàbí 80 kílò, ilẹ̀ tó wà ní ẹnu ìwọ̀n yẹn ló dagun, ó ga ju irin lọ tàbí ó lọ sísàlẹ̀, ẹ gba odindi gbọ́, ẹ fi ti ẹsẹ̀ sílẹ̀. Píkọ́ọ̀pù òfìfo máa ń wúwo síwájú, bíi 55 sí 60 nínú 100 lórí ẹsẹ̀ iwájú. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn ló wúwo jù lófìfo, iṣẹ́ wẹ́dà ń bẹ níbẹ̀ nìyẹn, irin wọn ti pọ̀ jù, ẹ sì ti mọ ìdí tí sípíríìnì ẹ̀yìn fi ń kán. Nọ́ńbà ẹ̀yìn yìí lẹ máa yọ kúrò nínú ìlà kẹrin tó wà lórí péréètì, iye tó kù ló sún mọ́ ohun tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣì lè gbà, torí ẹ̀yìn ni ẹrù píkọ́ọ̀pù ń tẹ̀ sí. Kì í ṣe ohun tí awakọ̀ sọ pé òun ti gbé rí láti Ọ̀yọ́.

Ọkọ̀ tí kò lè rìn ńkọ́? Ìyẹn gan-an ló wọ́pọ̀ jù nínú píkọ́ọ̀pù àtijọ́. Kò sí ìṣòro, ọjọ́ tí tówìn bá wá gbé e lẹ máa wọ̀n ọ́n, ẹ ní kó ya wéébíríìjì tó bá wà lójú ọ̀nà, kó gun un tòun ti píkọ́ọ̀pù lẹ́yìn, tó bá já yín sílẹ̀ tán, kó padà gun un lófìfo. Ká ní àkọ́kọ́ jẹ́ 5,460, èkejì 4,280, píkọ́ọ̀pù yín jẹ́ 1,180. Dírẹ́bà tówìn ò gbọ́dọ̀ ra epo láàárín méjèèjì o, kó sì jẹ́ pé èèyàn kan náà ló jókòó sínú ẹ̀ tàbí tó bọ́ sílẹ̀ nígbà méjèèjì, tó bá gbé ọmọ iṣẹ́ méjì lójú ọ̀nà, ọmọ iṣẹ́ yẹn ti di ara ìṣirò. Ẹ bá a dunàádúrà ìrìn àfikún yẹn kó tó gbéra, torí lẹ́yìn tó bá ti gbé ọkọ̀ sórí, owó ti yí padà. Àwọn oní-pàǹtí míì ní ìwọ̀n tí wọ́n ń so kọ́ kérénì, ìyẹn náà dáa, ó sábà máa ń ka kílò kéékèèké ju wéébíríìjì lọ, ṣùgbọ́n ẹ wò ó pé bẹ́líìtì ni wọ́n fi so ọkọ̀, kì í ṣe wáyà tó máa ya bọ́dì, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sábẹ́ ẹ̀.

Tí wéébíríìjì bá jìnnà tàbí ẹ kàn fẹ́ mọ ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kẹ́ ẹ tó pe tówìn, ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ lè fi ṣe é ní iwájú ilé yín, géèjì fọ́kanáìsà, téèpù àti páálí ló gbà. Afẹ́fẹ́ inú táyà ló gbé ọkọ̀ dúró, nítorí náà tẹ́ ẹ bá mọ agbára afẹ́fẹ́ yẹn àti ibi tí táyà fi kan ilẹ̀, tẹ́ ẹ fi ọ̀kan ná èkejì, ẹ ti ní ìwọ̀n tó wà lórí táyà yẹn. Ilẹ̀ títẹ́ ló ṣòro níbẹ̀, ní ìlú tó jẹ́ òkè àti kòtò bíi tiwa, ẹ wá ibi tí wọ́n da kọ́ńkéréètì sí, pẹrẹsẹ, tí kò dagun.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí táyà tutù, ẹ má ṣe é lẹ́yìn ìrìn. Ẹ fi géèjì wọn afẹ́fẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan nígbà tó wà nílẹ̀, ẹ kọ ọ́. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ẹ fi ọ̀dà tàbí òróró dúdú pa ojú táyà ibi tó máa kan ilẹ̀, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ kó jókòó pátápátá, ẹ tún gbé e sókè kẹ́ ẹ yọ páálí. Ó máa fi ojú ẹsẹ̀ ẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn gígùn àti fífẹ̀ àmì yẹn ní ìǹṣì, ẹ fi wọ́n ná ara wọn, bí igun ẹ̀ bá rí roboto, ẹ yọ díẹ̀ kúrò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún, torí kò dájú pé ọ̀tún àti òsì jọra, àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò kan. Táyà iwájú, 28 ló wà nínú ẹ̀ ní géèjì, ìyẹn psi, páùn lórí ìǹṣì kọ̀ọ̀kan níbùú lóròó, àmì ẹ̀ jẹ́ ìǹṣì 5 sí ìǹṣì 5, ìyẹn 25, 28 lọ́nà 25 jẹ́ 700 páùn lórí táyà kan, 1,400 fún méjèèjì. Táyà ẹ̀yìn, 30 nínú ẹ̀, ìǹṣì 4.8 sí ìǹṣì 4, ìyẹn 19.2, lọ́nà 30 jẹ́ 576, méjèèjì jẹ́ 1,152. Ẹ pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, 2,552 páùn, ẹ sọ ọ́ di kílò, bíi 1,158. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà lẹ fi wọn àmì náà, ẹ kọ́kọ́ fi gígùn àti fífẹ̀ ẹ̀ ná ara wọn, kẹ́ ẹ wá fi 6.45 pín ohun tẹ́ ẹ bá rí kó lè di ti ìǹṣì. Ẹ má tì í gbọ̀n-ín o, ọ̀nà yìí lè fi 10 sí 20 nínú 100 yẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ táyà fúnra ẹ̀ ń gbé díẹ̀ nínú ẹrù láìsí afẹ́fẹ́, pàápàá táyà ọkọ̀ ẹrù tó le. Géèjì fọ́kanáìsà tó ti jábọ́ sílẹ̀ nígbà àìmọye náà ò ní sọ òtítọ́, ẹ fi méjì wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ó tó láti mọ̀ pé 1,200 ni, kì í ṣe 1,900, ìyẹn gan-an lẹ nílò kí oní-tówìn má bàa fi orí yín ṣe eré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gbé e pẹ̀lú jáàkì, ẹ fi òkúta há táyà tó kù, ẹ fi igi gidi sábẹ́ ṣáásì, ẹ má ki orí bọ abẹ́ ẹ̀.

Àwọn tó ní ọkọ̀ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn tàbí tó ti jẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́rù, ẹ wo ara ilẹ̀kùn tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn dáadáa, nígbà míì wọ́n ti fi ọ̀dà kọ ìwọ̀n òfìfo àti ìwọ̀n tó kún síbẹ̀ láyé àtijọ́, ẹ lè rí i lábẹ́ ọ̀dà tuntun tí iná bá tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn ṣíìtì irin wẹ́dà.

Táyà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà náà ní nọ́ńbà ìwọ̀n lára o, ó máa ń wà lẹ́yìn ìwọ̀n táyà, bíi 82, 91 tàbí 100. 82 túmọ̀ sí pé táyà yẹn lè gbé 475 kílò, 88 jẹ́ 560, 91 jẹ́ 615, 95 jẹ́ 690, 100 jẹ́ 800, 104 jẹ́ 900. Ẹ fi ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó kún pín sí méjì, kí táyà tẹ́ ẹ rà ju ìyẹn lọ. Àwọn tó ń ta táyà tòkúnbọ̀ máa ń fi táyà kàà sí píkọ́ọ̀pù torí ó wọ ọwọ́, ẹ wo nọ́ńbà yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó.

Tẹ́ ẹ bá ti wọ̀n ọ́n tán, ẹ ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì sórí fóònù, ẹ fi ẹ̀dà ẹ̀ sínú ìwé ọkọ̀, ẹ wá ní kí oníṣẹ́ ọ̀dà kọ nọ́ńbà mẹ́ta yẹn sí inú bọ́nẹ́ẹ̀tì: odindi, iwájú, ẹ̀yìn, pẹ̀lú ọdún tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Wẹ́dà tó bá tún jó irin kan mọ́ ọn lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi í pé mìlímítà mélòó ni, kẹ́ ẹ ṣírò ẹ̀ kún un.